Sístà Fọkànbalẹ̀

Ìtẹ́olúwakìṣí ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí bàbá rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa pe gbogbo gígùn yẹn nígbà tí ara bá ń ni ín? Àwọn dókítà ń pè é ní Sístà Ìtẹ́. Àwọn aláìsàn ò tilẹ̀ bá a fa ọ̀rọ̀ orúkọ rárá. Sístà Fọkànbalẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sẹ́ni tó wọ wọ́ọ̀dù rẹ̀ rí tí kò gbọ́ "Ẹ fọkàn balẹ̀" kó tó rí bẹ́ẹ̀dì fẹ̀yìn lé. Ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé yín léjìká, á rọra fa ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó sì rí i pé ara yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn èèyàn ti Challenge wá, wọ́n ti Mọ́kọ́lá wá, wọ́n wá bímọ sí ọsibítù aládàáni tó wà lẹ́bàá Ring Road yẹn ní Ìbàdàn nítorí ẹnu rẹ̀ nìkan.

Mi ò bú u o. Ẹnu náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kan náà ló kù díẹ̀ kó rán Ẹwàolúwa Ọmọ́fẹ́ sọ́run lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdè kan, lójú ìyá ọkọ rẹ̀, tí ọmọ tuntun ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́, kí ẹ má baà kórìíra rẹ̀ lásán. Ilẹ̀ Àkókó ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì nígbà tí Ìbàdàn ṣì ni olú-ìlú gbogbo ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Agbowó ni wọ́n bí Ìtẹ́ sí, Agbowó náà ló ń gbé títí di òní, nínú ilé tí bàbá kọ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì lòun náà, Kánádà ló wà, gbogbo ìgbà ló sì máa ń pè é lórí fóònù: "Mọ́mì, kí lẹ ṣì ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ẹ máa bọ̀ jàre." Ìtẹ́ á rẹ́rìn-ín, á ní òun ń bọ̀, kò sì ní í lọ síbì kankan.

Àwọn tó kù ti lọ ní tiwọn. Òní, a ó gbọ́ pé lágbájá ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀la, a ó gbọ́ pé tàmẹ̀dò ti wọ Sáúdí. Wọ́ọ̀dù tí odindi ọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì ń bójú tó tẹ́lẹ̀, òun àti Sìlífátù ló ṣẹ́kù síbẹ̀, Sìlífátù ọ̀hún ò sì tíì pẹ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ń pe Ìtẹ́ lápá ọ̀tún, wọ́n á tún máa pè é lápá òsì, ẹni tó ń rọbí á sì máa han nínú yàrá kejì.

Ibẹ̀ ni "Ẹ fọkàn balẹ̀" ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì fura. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti sọ ọ́, á fa àga, á jókòó, á ní kí aláìsàn wí tẹnu ẹ̀. Nígbà tó yá, ìdúró ló fi ń sọ ọ́. Nígbà tó tún yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dé ìdí bẹ́ẹ̀dì mìíràn kí ọ̀rọ̀ náà tó parí lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi ń dúró ti èèyàn tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ tó fi ń kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹwàolúwa yìí, tíṣà ni ní Bódìjà, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, obìnrin tí kì í pariwo. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó rọbí rọbí, ọmọ ò wá, ni Dókítà Akínsànyà bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì gbé ọmọkùnrin jáde. Gbogbo wọ́ọ̀dù hó yèè. Bándélé ọkọ rẹ̀ ń fò sókè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí Sìlífátù fi ní kó rọra. Nígbà tí ara gbogbo èèyàn balẹ̀, dókítà lọ sí ọsibítù mìíràn ní Challenge, ibẹ̀ náà ní aláìsàn tó ń dúró dè é. Bándélé ní òun ń lọ sílé ní Bódìjà láti kó aṣọ àti oúnjẹ wá. Ìyá rẹ̀ ló jókòó ti ìyàwó. Màmá Ọmọ́fẹ́, Ìyá Ìjọ ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, àgbà obìnrin tó mọ àdúrà gbà, tó sì mọ àṣẹ pa.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí Ẹwà kọ́kọ́ na ọwọ́ sí Ìtẹ́ bó ṣe ń kọjá.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, àyà mi ń já."

Ìtẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ó yẹ kó já. Àkọ́bí kẹ̀? Ṣé eré ni? Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Bébì. Gbogbo ẹ̀ ti dópin."

Ó sì kọjá.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí mo bá sọ fún yín báyìí pé àyà mi ń já, ṣé ẹ ó pe dókítà sí mi? Ẹ ò ní í pè é. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé, ta ló ń lé mi, kí ni mo gbọ́. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní í lọ síbi ẹ̀rù. Màmá Ọmọ́fẹ́ náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀mí ìbẹ̀rù wí, tó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ẹwà ṣe àmín. Kí ni ì bá tún ṣe?

Nígbà tó yá, ó tún pè é. Ó ní àyà òun ṣì ń já. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun gan-an, èjìká òun ọ̀tún sì ń ro òun.

"O sùn lé e ni," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Láti òwúrọ̀ lo ti sùn sójú kan."

Lóòótọ́, Ìtẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó de ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ẹ̀rọ ní kò séwu. Ó wo pádì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ò pọ̀. Ó fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé iṣan ibẹ̀ ń sáré, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tẹ́rù ń bà. Ẹni tó ń rọbí ní yàrá kejì fi igbe ta. Ìtẹ́ yọ fóònù jáde bó ṣe ń rìn lọ, ó pe dókítà.

"Dókítà, ìyàwó Ọmọ́fẹ́ àárọ̀ yẹn, she is anxious."

Gẹ̀ẹ́sì kékeré, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Bí àwọn ará ọsibítù ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn nìyẹn: aláìsàn á fi Yorùbá wí tẹnu ẹ̀, nọ́ọ̀sì á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, dókítà á sì fún Gẹ̀ẹ́sì náà ní oògùn.

"BP rẹ̀ ń kọ́?"

"Ó dára, sà."

"Ẹ̀jẹ̀ ò dà?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ oorun, kó sinmi díẹ̀. Tí mo bá ti ṣe tán níbí, n ó yà wò ó."

Ẹ má bínú sí dókítà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló tọ́jú.

Ìyá tó ń rọbí bí ọmọ rẹ̀ láìsí wàhálà, Ọlọ́run ṣeun. Ìtẹ́ fọ ọwọ́, ó padà wá, Sìlífátù sì ti fa oògùn oorun sínú abẹ́rẹ́ dè é. Ó gbà á, ó mú u lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé. Màmá Ọmọ́fẹ́ ti fi ìró méjì bo ìyàwó rẹ̀ dé ọrùn, torí ta ni yóò jẹ́ kí òtútù mú ìyá ìkókó? Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó ń yán, ó tún ń yán.

"Abẹ́rẹ́ kí nìyẹn, Sístà?"

"Èyí tí yóò lé ẹ̀rù lọ ni. Ẹ ó kàn sùn díẹ̀ báyìí. Ẹ fọkàn…"

"Ẹ̀rù wo?"

Ìtẹ́ dúró.

"Ẹ̀rù ò bà mí, Sístà. Ta ló ní ẹ̀rù ń bà mí?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní àyà yín ń já."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àyà mi ń já ni mo wí." Ó mí, kò tó o, ó tún mí. "Mi ò ní ẹ̀rù ń bà mí. Kí ló fẹ́ bà mí lẹ́rù? Mo bímọ, inú mi dùn. Àyà mi ló ń já. Àyà mi yìí."

Ó fẹ́ gbé ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ láti fi ibẹ̀ hàn án, ọwọ́ náà ò gbéra dáadáa.

"Ẹwà!" Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbóhùn sókè. "Ṣé Nọ́ọ̀sì lo fẹ́ máa bá jiyàn? Gba abẹ́rẹ́ kó o sùn jàre."

Orí Ìtẹ́ wú. Ó wo abẹ́rẹ́ tó mú lọ́wọ́. Ó ti ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò bà á lẹ́rù rí bí èyí. Ohun tí òun fẹ́ fún obìnrin yìí ni oorun, kí ẹnu tó ń wí i lè dákẹ́. Á dákẹ́ lóòótọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ á máa wò ó, á máa dúpẹ́ pé ó ti ń sùn, títí yóò fi tutù.

Ó ju abẹ́rẹ́ náà sínú àwo. Ó fa àga. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, Sístà Fọkànbalẹ̀ jókòó.

"Ẹ dákun, ẹ tún un sọ fún mi. Báwo ló ṣe ń já?"

"Ó ń sáré." Ẹwà dijú, ó là á. "Bí ìgbà tí mo bá sáré gun òkè Mọ́kọ́lá. Mi ò sì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Èémí mi ò tó mi. Ohùn yín… ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ọ báyìí."

Ìtẹ́ ká aṣọ méjèèjì kúrò lára rẹ̀, Màmá Ọmọ́fẹ́ ń kígbe pé òtútù, òtútù, kò dá a lóhùn. Aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn Ẹwà ti tutù rinrin fún òógùn. Ikùn tó yẹ kó ti rọ̀ ti wú, ó sì le gbandi. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, inú ibẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ó de ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ tó ní kò séwu lẹ́ẹ̀kan ti yíhùn padà, ìfúnpá ń lọ sílẹ̀.

Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ń dà, inú ló ń dà sí. Obìnrin yìí ti ń sọ ọ́ fún un láti ọ̀sán.

"Sìlífátù! Sáré gbé dírípù kejì wá. Sọ fún wọn ní tíátà kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fà sílẹ̀ kó tó bímọ, sọ fún wọn kí wọ́n gbé e jáde."

Ó pe dókítà. Fóònù dún, ó dún, kò gbé e. Ìtẹ́ tún un pè, ó ń fi ọwọ́ kejì gbé ẹsẹ̀ Ẹwà sórí ìrọ̀rí. Ọlọ́run, jẹ́ kó gbé e. Ó gbé e.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa fún yín lẹ́ẹ̀kan."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ̀rù ń bà á. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àyà òun ń já, mo rò pé ẹ̀rù ni. Ikùn rẹ̀ ti le, ojú rẹ̀ ti funfun, BP ti ń já wálẹ̀. Inú lẹ̀jẹ̀ ń dà sí, sà."

Ìtẹ́ gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ dókítà.

"Ṣé ẹ ti fún un lábẹ́rẹ́ yẹn?"

"Rárá, sà."

"Háà. Ẹ ṣeun. Ẹ gbé e wọ tíátà, mo ti ń bọ̀."

Ẹni tó wá kù láti kojú ni Màmá Ọmọ́fẹ́. Ìyá ti gbọ́ "tíátà," ó sì ti dìde dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ẹ tún fẹ́ la ọmọ yìí nínú? Lóòjọ́ kan náà? Kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí Bándélé dé ná."

"Mà, kò sí àyè."

"Òun ló ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ pè é."

Sìlífátù pe Bándélé. Kò lọ. Ó tún un pè, fóònù ní ẹni tí wọ́n ń pè kò sí nítòsí. Ìyá ní òun ò ní í kúrò lójú kan títí ọmọ òun yóò fi dé, pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí lòun fẹ́ wí fún àwọn òbí ọmọ olọ́mọ? Ẹ̀rù ló ń bà á o. Ẹni tẹ́rù ń bà nínú yàrá yẹn gan-an nìyẹn, òun lẹnikẹ́ni ò sì rántí sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀.

Ìtẹ́ fi í sílẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó sún mọ́ etí Ẹwà.

"Màmá Bébì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Hẹ̀n."

"Òótọ́ lẹ sọ. Èmi ni mi ò gbọ́. Nǹkan kan ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú yín, a gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ lọ dí i. Bí a bá ń dúró de ọkọ yín, ó lè bọ́ sórí. Kí la ó ṣe?"

Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti wọ ilé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń bi, ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń bi. Ó wo Ìtẹ́ bí ẹni tí kò dá a lójú pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé mi lọ," ló wí. Ó yíjú síbi tí ọmọ wà. "Ayọ̀kúnnúmi lẹ máa pè é o. Bí mi ò bá…"

"Ẹwà! Pa ẹnu dé!" Màmá Ọmọ́fẹ́ di etí méjèèjì. Wọ́n ò tíì kó ọmọ jáde, ta ní í dárúkọ ọmọ ṣáájú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ? Ẹni tó bá ń lọ nìkan ló ń kánjú bẹ́ẹ̀. Ìyá mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìtẹ́ mú ọwọ́ ìyá náà. Kò bá a jà, kò sì bá a ṣàlàyé. Ó rọra fà á, ó gbé e lé àyà ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ, Mà."

Ìyá gbọ́ ọ. Àyà tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń lù kìkìkì, kò sí ibi tí ìkan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣí. Ó wo Ìtẹ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn kúrò ní ojú ọ̀nà.

"Ẹ gbé e lọ! Kí lẹ tún dúró ṣe? Ẹ gbé ọmọ mi lọ!"

Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì yẹn débi pé táyà rẹ̀ kan yọ. Sìlífátù gbé dírípù sókè, ó ń sá tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tíátà, Ẹwà ò dáhùn mọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Dókítà Akínsànyà wọlé pẹ̀lú bàtà tó fi wa mọ́tò, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, ó ń fọ ọwọ́, ó ń bèèrè ẹ̀jẹ̀. Ìtẹ́ ló dúró tì í. Bí wọ́n ṣe ṣí ikùn náà, ẹ̀jẹ̀ yọ lọ́pọ̀lọpọ̀, dókítà sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń kọ orin lábẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ Bándélé ń kán sínú ìyàwó rẹ̀ látòkè, tirẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn ń dún wìrìwìrì, nígbà tó yá ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbàgbé. Ẹni tó ń fún un lóògùn iṣẹ́ abẹ ní tíátà gbójú sókè wo dókítà. Ìtẹ́ ò gbàdúrà. Ó kàn ń wí sínú pé, ó sọ fún mi, ó sọ fún mi, ó sọ fún mi.

"Mo ti rí i," ni dókítà wí. "Okùn kan ló tú. Èmi ni mo so ó láàárọ̀."

Ó dì í. Ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ náà tún fa ara rẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bándélé ti dé nígbà tí wọ́n jáde. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di kúlà oúnjẹ mọ́ àyà, ìyá rẹ̀ gbé ọmọ tuntun dání. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó yè é, Màmá Ọmọ́fẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀. Ìtẹ́ sáré gbá a mú.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Mà. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọjá."

Ìyá wo ọmọ tó gbé dání.

"Èmi náà ńkọ́?" ló wí. "Àdúrà ni mo ń gbà lé e lórí."

Ìtẹ́ ò lọ sílé ní Agbowó lálẹ́ yẹn. Ó ní kò sí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé, Ẹwà la ojú, ó wá ohùn rẹ̀ kiri títí ó fi rí i.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ Màmá. Ó ti jẹun, ó tún ti ń bínú." Ìtẹ́ tẹ̀ ba. "Báwo ni ti àyà yẹn?"

Ẹwà dúró gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn.

"Kò já mọ́."

"Ọlọ́run ṣeun."

Ìtẹ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wo dírípù. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ẹnìkan ti ń pe "Sístà! Sístà!" láti òpin wọ́ọ̀dù, ó sì ti yí ẹsẹ̀ kan padà. Ẹwà fi ìka méjì di etí aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ mú.

"Sístà."

"Hẹ̀n?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Ìtẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí gbogbo Ring Road mọ̀ ọ́n mọ́. Ó gbé e mì.

"Sìlífátù, bá mi wò wọ́n lọ́hùn-ún," ló wí, kò sì gbójú kúrò lára obìnrin náà. Ó fa àga, ó jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ń gbọ́."